Tábìlì Ìkọ̀wé Àjàyí Crowther

Olóòtú ìwé ọdọọdún wa ti bẹ̀ wá pé kí a kọ ìtàn ẹni àtijọ́ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹni tí a mú ní ọdún yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ rí. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, ó yẹ kí a sọ ohun tí ó mú un wá sí wa lọ́kàn.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, a ń palẹ̀ yàrá kan mọ́ ní àdúgbò wa ní Pedro, níbi tí àwọn àgbà kan ti máa ń ṣe ìpàdé ní ayé àtijọ́. Ní igun yàrá náà, lábẹ́ àwọn páànù tí ó ti dípẹtà, ni a ti bá tábìlì ìkọ̀wé kan. Igi ọ̀gànwó ni wọ́n fi ṣe é. Orí rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá jókòó tì í, wọ́n sì gbẹ́ ihò róbótó kan sí i fún ìgò tàdáwà. Dúrọ́ọ̀ méjì ni ó ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ẹnì kan sì ti fi pákó ìrókò tì í. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá wa ṣiṣẹ́ ní kí a là á fún ìyá alákàrà tí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà kí ó fi dáná. A ní kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tí a fa dúrọ́ọ̀ òkè, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni ó kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ikán ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Bí a ti fọwọ́ kàn án ni ó di eruku. Orúkọ ènìyàn mẹ́ta péré ni a rí kà nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tì pa, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

A kò sọ pé tábìlì yìí jẹ́ ti ènìyàn ńlá kan. Ṣùgbọ́n bí a ti ń fọ eruku ikán kúrò lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan ni ó sọ sí wa lọ́kàn, ẹni tí ó ti pàdánù ìwé jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo wa tí a ń ka èdè Yorùbá sì wà nínú àwọn tí àdánù náà kàn. Ọkùnrin náà ni Samuel Àjàyí Crowther.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School tí ó wà ní Bàríga, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti jáde níbẹ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń rìn ní àwọn òpópó Ṣómólú, tí ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń lù láti ilé dé ilé, kí ó mú ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tàbí ìwé ìsìnkú kan kí ó wò ó: àwọn àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé náà, ìdí tábìlì Crowther àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti di títò.

Ní bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ sì ni Àfàlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ni ogun wọ Òṣoògùn. Wọ́n kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, ni wọ́n bá dá ọmọ padà, wọ́n sì gba ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pátápátá. Ìbẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí mú un débi pé ó gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọkàn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè ṣe é.

Láti Ìkòsì ni wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Ọmọ ilẹ̀ pápá ni, kò rí omi ńlá rí, jìnnìjìnnì sì bò ó. Ọ̀sà tí ó là kọjá lọ́jọ́ náà ni ọ̀sà wa yìí, tí àwọn apẹja Bàríga ń na àwọ̀n sí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 1822, ọkọ̀ Potogí gbé e kúrò ní Èkó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon ti gbá wọn mú. Wọ́n kó àwọn ẹrú náà lọ sí Sàró, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀.

Ní Sàró, ohun méjì ni wọ́n kọ́ Àjàyí. Àkọ́kọ́ ni ìwé. Wọ́n ní bí ó ti dé ni ó ti tọrọ ẹ́pìnnì kan lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan láti fi ra páálí tí wọ́n kọ lẹ́tà A B D sí, àti pé láàrín oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni iṣẹ́ káfíńtà. Ọ̀gbẹ́ni Weeks, míṣọ́nnárì tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Sàró lẹ́yìn náà, ni ó fi ayùn, òòlù àti ìfági lé e lọ́wọ́ ní abúlé Bathurst lórí òkè Freetown. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ìtàn Crowther máa ń fi ìlà kan ṣoṣo sọ ọ̀rọ̀ káfíńtà yìí, wọn a sì kọjá. Àwa kò gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá pákó títí tí ó fi dán, tí ó ti fi ojú kan wo etí igi bóyá ó tọ́ tàbí ó wọ́, ti kọ́ sùúrù kan tí ìwé nìkan kò lè kọ́ ènìyàn. Bí a bá sì wo bí ọkùnrin náà ti tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ láìmọye ìgbà nígbà tí ó dàgbà, a ó rí i pé káfíńtà ni ń ṣe é.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1825, Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lọ sí Ìlú Òyìnbó ní ọdún 1826 fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà ní ọdún 1827 tí wọ́n dá Fourah Bay College sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó di olùkọ́. Ó fi Asano ṣe aya, ọmọbìnrin tí àwọn pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ ẹrú kan náà, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ tí ó sì ṣì wúlò fún wa ni lẹ́tà tí ó kọ ní Fourah Bay ní oṣù Èrèlè ọdún 1837 sí Àlùfáà William Jowett. Nínú rẹ̀ ni ó ti ka gbogbo bí wọ́n ti kó o ní Òṣoògùn lẹ́sẹẹsẹ, láti ìgbà tí èéfín sọ ní ìlú títí dé ìgbà tí ó dé Sàró. Ó tó ọdún 16 lẹ́yìn ogun náà kí ó tó jókòó ti tábìlì láti kọ ọ́. Láìsí lẹ́tà yìí, a kì bá tí mọ ohun tí a sọ lókè yìí nípa ẹṣin, nípa ọ̀já, àti nípa ìbẹ̀rù omi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n kó lẹ́rú ní ilẹ̀ wa ní àkókò náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rí ibi jókòó kọ tirẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé tábìlì kan ṣoṣo ni a ń wí. Àwọn kan máa ń mú àlejò lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Àgbádárìgì, wọn a ní ibẹ̀ ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. A bọ̀wọ̀ fún ilé náà. Ṣùgbọ́n Crowther kò lò ju bí ọdún kan àbọ̀ ní Àgbádárìgì, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1845 sí àárín ọdún 1846, Bíbélì lódindi kò sì jáde ní èdè Yorùbá títí di ọdún 1884. Iṣẹ́ tí ó gba nǹkan bí 40 ọdún kò lè jẹ́ ti ilé kan. Ó kọ ní Freetown, ó kọ ní Àgbádárìgì, ó kọ ní Ìgbẹ̀yìn ní Abẹ́òkúta, ó kọ ní Èkó, ó kọ nínú ọkọ̀ lórí Odò Ọya. Àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà ní àpótí ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń gbé kiri: àpótí pákó tí wọ́n fi idẹ dè ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ìdérí rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ di tábìlì kékeré tí ó dàgẹ̀rẹ̀, tí ó sì ní àyè fún gègé, fún ìgò tàdáwà àti fún lẹ́tà. Orí itan ni wọ́n máa ń gbé e lé bí kò bá sí ibòmíràn. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ iṣẹ́ tí kì í dúró sójú kan.

Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya, Crowther sì bá wọn lọ pẹ̀lú Àlùfáà Schön. Ibà pa bí 40 nínú àwọn òyìnbó náà. Ìwé tí àwọn méjèèjì kọ nípa ìrìn àjò yìí jáde ní ọdún 1842, ó sì ya àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lẹ́nu pé ọmọ Áfíríkà ni ó kọ apá kan nínú rẹ̀. Wọ́n pè é wá sí Ìlú Òyìnbó, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún kan náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe kọ́kọ́ jáde. Òótọ́ ni pé Hannah Kilham àti Raban, ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi fún un, ti tẹ ìwé kéékèèké jáde lórí èdè wa ṣáájú rẹ̀, láti ẹnu àwọn tí ará Sàró ń pè ní Àkú nítorí pé ẹ kú ni ìkíni wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ gba iyì wọn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ èdè náà láti òde ni. Crowther ti gbọ́ ọ ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1844, ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti sọ nípa ara rẹ̀ pé èdè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àjèjì sí òun lẹ́nu, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó ti fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín díẹ̀.

Ó bá Townsend àti Gollmer wá sí Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ ó sì lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ó débẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún, ìyá rẹ̀ wá bá a. Ọdún 25 ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti yà wọ́n. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ni ó ń dà lójú wọn. Ní oṣù Èrèlè ọdún 1848, ó ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá, ó sì sọ ọ́ ní Hannah.

Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ tábìlì náà ti jinlẹ̀. Thomas King ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, ti Lúùkù tẹ̀ lé e. Bí Crowther ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Kì í jókòó sínú ilé kí ó máa fi orí ara rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. A máa lọ sí ibi tí àwọn àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀, a máa tẹ́tí sí àwọn olórìṣà, sí àwọn Mùsùlùmí, sí àwọn ará ọjà, bí ó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní, ó di orí ìwé. Òwe ni ó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ tí ó fi sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1852. Nígbà tí ó ń wá orúkọ fún àwọn ohun ìgbàgbọ́, kò kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ ilẹ̀ Yorùbá: àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti wá, ó sì wà lẹ́nu gbogbo wa lónìí láìsí ìjà. Ibì kan ni a kò ti lè bá a kẹ́gbẹ́. Ó lo orúkọ Èṣù fún Sátánì, àwọn tí ó mọ ẹ̀sìn àbáláyé kò sì tíì gbàgbé rẹ̀ títí di òní, nítorí pé Èṣù wọn kì í ṣe Sátánì. Àṣìṣe tí ènìyàn bá fi tàdáwà kọ máa ń pẹ́ kí ó tó pa rẹ́.

Ní oṣù Bélú ọdún 1851, ó wà ní Ìlú Òyìnbó, wọ́n sì mú un lọ sí ààfin Windsor. Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà wà lórí tábìlì, Crowther sì ń fi ọ̀nà Abẹ́òkúta àti Èkó han Ọmọ-ọba Albert, ó ń ṣàlàyé bí òwò ẹrú ti ń lọ. Obìnrin kan dé, ó dúró tì wọ́n, ó ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí àwòrán mìíràn tí ó tóbi, atẹ́gùn ìwé náà pa fìtílà, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ẹ̀yìn èyí ni Crowther tó mọ̀ pé Ọbabìnrin Victoria ni obìnrin náà. Ó ka Àdúrà Olúwa fún un ní èdè Yorùbá, Ọbabìnrin sì ní èdè náà dùn létí. Ní òpin oṣù kejì rẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó. Àwọn kan gbóríyìn fún Crowther nítorí ohun tí ó sọ lórí àwòrán ilẹ̀ náà, àwọn kan sì ń dá a lẹ́bi pé ó wà lára àwọn tí ó ṣílẹ̀kùn fún ìjọba òyìnbó. Ẹni tí wọ́n ti tà ní Èkó nígbà tí ó wà ní ọmọdé, a kò mọ ohun mìíràn tí a lè retí kí ó sọ nípa òwò ẹrú.

Ní ọdún 1854 ó tún gun Odò Ọya nínú ọkọ̀ Pleiad pẹ̀lú Dókítà Baikie. Kúínì ni wọ́n lò ní ọ̀tẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tí ibà pa nínú wọn. Ní ọdún kan náà ni Abigail, ọmọbìnrin rẹ̀, fẹ́ Àlùfáà Thomas Babington Macaulay. Macaulay yìí ni ó ṣí CMS Grammar School ní òpópó Broad ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún 1859, pẹ̀lú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Ọ̀gá ọkọ̀ J. P. L. Davies ni ó fi £50 sílẹ̀ láti ra ìwé àti ohun èlò ilé ẹ̀kọ́ náà. A rò pé tábìlì àti bẹ́ǹṣì kò ní ṣàìsí nínú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Àwọn Macaulay ni wọ́n bí Herbert Macaulay ní ọdún 1864. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà pé 100 ọdún, ní ọdún 1959, ni ó kó wá sí Bàríga.

Ní ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì há sí agbègbè Rábà ní ilẹ̀ Tápà. Ẹlòmíràn ì bá máa ráhùn. Crowther ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èdè Nupe jọ, bí ó sì ti gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó ń la etí sílẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò tíì sí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1852. Báyìí ni ó ń ṣe láti ọdún dé ọdún, ó ń kọ ọ́, ó ń tò ó, ó ń pa á mọ́ sínú ilé rẹ̀ ní Èkó. Ó ti pinnu pé ní ọdún 1862 òun yóò fi wọ́n kún ìwé náà kí ó lè di ńlá.

Ní ọdún 1862 náà ni iná jó ilé rẹ̀.

Ilé jó, ẹrù jó, àwọn ìwé tí ó ti fi ọwọ́ kọ sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó fi ọdún 11 kó jọ di eérú láàrín wákàtí díẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ránṣẹ́ sí Henry Venn, akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sunkún nítorí ilé. Ó sọ pé àdánù àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ó dun òun ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí owó tí ó lè rà wọ́n padà, òun kò sì lè rántí gbogbo ohun tí òun ti gbọ́ ní Rábà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní gbogbo rẹ̀ ti lọ bí àlá.

A ti jẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì ti ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí eruku ikán wà lọ́wọ́ wa ni ó tó yé wa. Ẹ ronú sí ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé náà. Àwọn tí ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn fún un, arúgbó ni púpọ̀ nínú wọn ní àwọn ọdún 1850, ará ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà wọn, orúkọ ewé, orúkọ aṣọ, ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò kí mọ́, òwe tí ìlú tí ó ń pa á ti tú ká. Kí wọ́n tó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè CMS ti ọdún 1913 jáde, ọdún 51 ti kọjá lórí iná náà, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wọ̀nyẹn tí a lè padà lọ bá.

Crowther wá tábìlì mìíràn, ó jókòó. Ìwé lórí èdè Nupe jáde ní ọdún 1864. Ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ọdún 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà tí ó gba oyè náà, Yunifásítì Oxford sì fún un ní oyè dókítà. Ọ̀gágun Leeke, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni ó ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Láti ọdún 1848 ni CMS ti ń jiyàn lórí lẹ́tà, onímọ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Lepsius sì ti bá wọn dá sí i. Ìpàdé yìí ni ó mú ìpinnu wá, a sì tẹ̀ lé púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ń lọ ní gbogbo àkókò yìí, òun àti àwọn ẹlòmíràn, títí ó fi jáde lódindi ní ọdún 1884.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò dùn. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí ẹ̀ka iṣẹ́ Odò Ọya, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́ tó. Ní oṣù Ògún ọdún 1890, ní Onitsha, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága ìgbìmọ̀ ìṣúná, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí gidigidi ní ìwájú rẹ̀, wọ́n sì ń dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Dandeson náà sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ó sọ tirẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury ṣe ìsìn ọpẹ́ fún un, ó sì tọrọ ìdáríjì ní orúkọ Ìjọ nítorí ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Ibi ìsìnkú Ajélẹ̀ ní Èkó ni wọ́n sin ín sí. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, ìjọba tú ibi ìsìnkú náà ká, ibi ìrántí rẹ̀ sì wà nínú Cathedral Church of Christ ní Marina, fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wò ó.

Ní ti tábìlì wa, a kò jẹ́ kí wọ́n là á. Káfíńtà kan ní Pedro ti gbé e lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ní ọ̀gànwó náà ṣì le, kìkì ẹsẹ̀ kan ni òun yóò gbẹ́ rọ́pò. Orúkọ mẹ́ta tí a rí kà, a ti kọ wọ́n sílẹ̀, a ó sì bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀ bí a bá rí wọn. Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ kò tíì ṣí. Káfíńtà ní òun kò fẹ́ fi òòlù fọ́ ọ, òun ń wá kọ́kọ́rọ́ tí ó bá a mu. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí ikán kò jẹ, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ ti ọdún tí ń bọ̀.